Láti Orí Àrokò Dé Orí Àwòrán Ojú

Àwọn Yorùbá a máa wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn méjì bá jókòó ti ara wọn, kì í ṣe ohùn ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ojú ń sọ tirẹ̀, ọwọ́ ń sọ tirẹ̀, èjìká tí a mì ń sọ tirẹ̀, òṣé tí a pa sì tó odidi gbólóhùn kan. Obìnrin tí ń ta ẹja ní ọjà Ẹ̀pẹ́ lè wí fún oníbàárà rẹ̀ pé, “Ìwọ yìí, olè ni ọ́,” kí àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀rín ti wà ní ojú rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde ní ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ gbólóhùn kan náà sílẹ̀, tí ó sì fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà náà ní Ìkòròdú, ó lè di ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà rárá. Ojú tí ó ń bá a rìn ni kò lè wọ inú ìwé.

Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn fi ń wá ọ̀nà, láti ìgbà pípẹ́, tí wọn yóò fi lè rán ojú pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Ní òde òní, àwọn àwòrán ojú kéékèèké ni wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ nínú fóònù alágbèéká: ojú tí ń rẹ́rìn-ín, ojú tí ń sunkún, ojú tí ó fajúro. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé nǹkan tuntun pátápátá ni. Bí ó ti wù kí ó rí, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí Ẹ̀pẹ́ wà nínú rẹ̀ láyé àtijọ́, owó ẹyọ náà ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn, àwọn ọba sì ń fi ojú owó ẹyọ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àrokò ni à ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ náà pè. Àròkọ ni èyí tí olùkọ́ ń fún wọn ṣe ní kíláàsì, ohun tí a rò tí a sì kọ sílẹ̀. Àrokò ni ti àwọn baba ńlá wa: ohun tí a so mọ́ okùn tàbí tí a dì sínú ewé, tí a sì gbé lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó gbé e lọ fún ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ohùn orí wọn àti àmì kékeré kan tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni ó ya méjèèjì. Ẹni tí ó bá kọ ọ̀kan ní ipò èkejì nínú ìdánwò yóò fi máàkì jẹ́ ẹ.

Ọ̀nà tí àrokò ń gbà sọ̀rọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni ó ṣe kókó. Èkíní ni ìrí àti ìṣe ohun náà. Òòyà a máa ya irun. Nítorí náà, ẹni tí a bá fi òòyà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ìyapa ti dé. Bí a bá so owó ẹyọ méjì kí wọ́n kọjú sí ara wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ni. Èkejì ni ìró orúkọ ohun náà, ibí yìí sì ni ọgbọ́n àwọn Yorùbá ti jinlẹ̀ jù. Nínú ẹ̀fà ni a ti gbọ́ “fà”, nítorí náà, owó ẹyọ mẹ́fà ń wí pé, “Mo fà ọ́ mọ́ra.” Nínú ẹ̀jọ ni a ti gbọ́ “jọ”, nítorí náà, owó ẹyọ mẹ́jọ ń wí pé àwa méjèèjì jọ wà ní ìṣọ̀kan. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè ka owó ẹyọ náà ní iye ìgbà tí ó bá wù ú, yóò kàn mọ iye wọn ni. Èdè ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àálè tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹnu oko tàbí sórí igi tí ó ṣẹ́ jọ yàtọ̀ díẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí pé gbogbo ẹni tí ń kọjá ni a fẹ́ kí ó kà á, pàápàá jù lọ olè. Ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo ni a ń dì àrokò fún.

Àwọn òyìnbó kan rí ìwúlò nǹkan yìí nígbà tí ó ṣì wà ní ìlò. Ní ọdún 1885, àlùfáà C. A. Gollmer, tí ó ti ṣe òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S. ní Àgbádárìgì àti ní Èkó, tẹ ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀ràn àrokò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1887, ọ̀gbẹ́ni G. W. Bloxam tẹ òmíràn jáde, àrokò láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sì pọ̀ nínú tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí ọmọ ọba kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fi ránṣẹ́ sí arákùnrin rẹ̀ tí ń gbé Èkó: owó ẹyọ mẹ́fà àti ìyẹ́ gígùn kan. Owó ẹyọ mẹ́fà ń wí pé, “Mo fà ọ́ mọ́ra, kí ìwọ náà sì fà mọ́ mi.” Ìyẹ́ náà ń wí pé, “Ọ̀rọ̀ mi dé etí rẹ, mo sì ń retí rẹ láìpẹ́.” Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ sí ibi ìyẹ́ yìí. Ìyẹ́ ni àwọn Yorùbá fi ń ro etí, “ro etí” àti “retí” sì súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè gbọ́ ọ̀kan nínú èkejì. Nínú ìyẹ́ ẹyọ kan ni etí wà, ni ìretí wà, ni ìpè sì wà. Kò sí lẹ́tà tí ó tún lè kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ dé ibi tí ó ń lọ. Ọ̀sà ni ó so Èkó, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ pọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ, ó ń bọ̀. Àwọn oníṣòwò Rẹ́mọ ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ìkòròdú láti pàdé àwọn ará Èkó, ọ̀nà òwò náà sì níye lórí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá fi wá dó ti Ìkòròdú ní ọdún 1865, kí Gómìnà Glover tó kó ọmọ ogun lọ lé wọn. Ohun tí ó bá gba orí ọ̀sà kọjá, bí ẹja ni, bí aṣọ ni, bí ọ̀rọ̀ ọba ni, ọwọ́ àwọn atukọ̀ ni ó ń gbà kọjá, wọn kò sì ní láti mọ ohun tí wọ́n gbé.

Àrokò kan wà nínú èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1887 tí ó kan ọ̀ràn Ẹ̀pẹ́ gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù December ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Kòsọ́kọ́ sì sá kúrò lórí oyè. Wọ́n dá Akítóyè padà sí ipò rẹ̀. Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, wá fi àrokò àlàáfíà ránṣẹ́ sí ọba Èkó. Owó ẹyọ mẹ́jọ ni, tí a tò ní méjì méjì, tí olúkúlùkù sì kọjú sí ẹnìkejì rẹ̀. Ọmọ ayò wà níbẹ̀, àti nǹkan olóòórùn dídùn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú gbogbo ènìyàn tí ń gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé, kò sí àwọn tí ó súnmọ́ ara wọn tó Èkó àti Ìjẹ̀bú. Àti pé bí gbogbo ilẹ̀ ṣe ń ta ayò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn ṣeré láìsí ìjà.

Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ṣùgbọ́n ibo ni Kòsọ́kọ́ sá lọ? Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn jagunjagun àti ẹrú rẹ̀. Láti Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti tún gbógun lọ bá Èkó ní ọdún 1853, ọdún kan náà tí Akítóyè kú. Ní ọjọ́ 28 oṣù September 1854, Kòsọ́kọ́ àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà láti má ṣe du oyè Èkó mọ́, wọ́n sì yọ̀ǹda kí ó máa ṣòwò ní Pálúmà àti Lẹ́kí. Ọdún 1862 ni ó tó padà sí Èkó. Àdúgbò tí àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ tẹ̀dó sí ní Èkó ni à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní.

Ẹni tí ó bá ń rò ó yóò bi ara rẹ̀ pé, báwo ni Akítóyè ṣe ka owó ẹyọ mẹ́jọ náà? Ojú wọ́n kọjú sí ara wọn lórí okùn, ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀ ń jẹ, ó ń mu, nínú ilẹ̀ ẹni tí ó fi wọ́n ránṣẹ́. Èyí kò sọ pé Awùjalẹ̀ parọ́. Ọba lè fẹ́ àlàáfíà pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ tọkàntọkàn, kí ó má sì lè lé àlejò tí ó bẹ̀ ẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n ojú tí a so mọ́ okùn ni a ti yàn kí ó tó kúrò nílé. Ojú ènìyàn alààyè lè yí padà láàrin ọ̀rọ̀, kí ẹni tí ń wò ó sì rí i. Ojú owó ẹyọ kò lè yí. Ohun kan náà ni a óò tún bá nínú àwọn àwòrán ojú ti òde òní.

Kí a tó kúrò lórí àrokò, ọ̀kan ṣì kù nínú ìwé Gollmer tí kò yẹ kí a fò. Ọkùnrin kan tí àwọn ará Dàhọ̀mì kó lẹ́rú fi nǹkan márùn-ún ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀: òkúta, èédú, ata, àgbàdo gbígbẹ àti àkísà. Ara mi le bí òkúta. Ọjọ́ iwájú mi ṣú bí èédú. Ọkàn mi ń gbóná bí ata. Ìyà ti mú ara mi gbẹ bí àgbàdo. Aṣọ mi ti di àkísà. Nínú márààrún, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó jẹ́ ìròyìn ayọ̀, òun ni ó sì kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Bí obìnrin náà bá ṣi òkúta kà, bí ó bá rò pé ìnira ni ó túmọ̀ sí, gbogbo ìrètí ti tán nìyẹn.

Ti àwọn òyìnbó ni a óò sọ ní ṣókí. Ní yunifásítì Carnegie Mellon ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ìkéde àti àwàdà sí ara wọn lórí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1982, ẹnì kan fi ṣe àwàdà pé mákúrì, irin olómi tí ó ní májèlé, ti dà sínú ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sókè nínú ilé alájà kan níbẹ̀. Àwọn tí wọn kò mọ orísun ọ̀rọ̀ náà rò pé òtítọ́ ni. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn lórí ọ̀nà tí a lè gbà fi ẹ̀rín hàn nínú ìwé, Scott Fahlman dá àbá kan ní ọjọ́ 19 oṣù September 1982: kí ẹni tí ń ṣàwàdà tẹ àmì oníkókó méjì, kí ó tẹ ìlà kékeré kan, kí ó sì tẹ àkámọ́ ìparí, báyìí :-) . Ẹni tí ó bá tẹ orí sí apá òsì yóò rí ojú méjì, imú àti ẹnu tí ń rẹ́rìn-ín. Fún ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe àwàdà, ó ní kí a yí àkámọ́ náà padà, báyìí :-( . Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí àwàdà tí ojú kò bá rìn ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ àti oníbàárà rẹ̀.

Àwòrán gan-an ni àwọn ará Jàpáàní lò ní tiwọn. Ní ọdún 1999, Shigetaka Kurita ya àwòrán 176 fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù NTT DoCoMo. Inú igun mẹ́rin tí ó ní kókó 12 ní ìbú, 12 ní òró, ni ó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Wọ́n pè é ní ímójì. Ní èdè wọn, “e” ni àwòrán, “mójì” sì ni lẹ́tà. Ní 2010, Unicode, àjọ tí ń fi nọ́ńbà sí gbogbo lẹ́tà ayé kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ wọ́n, gba ímójì wọlé, ó sì di ti gbogbo ayé.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká irú ti GSM bẹ̀rẹ̀ sí tàn kálẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìgbà náà kò gbà ju lẹ́tà 160 lọ nínú ẹyọ kan, owó sì ni, nítorí náà àwọn ènìyàn ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gé nù nínú Yorùbá ni àmì ohùn, àbùkù ńlá sì ni èyí. Bí ẹnì kan ní Ẹ̀pẹ́ bá tẹ “Mo ti ri oko naa” ránṣẹ́ sí Ìkòròdú, kí ni ó rí? Ó lè jẹ́ oko tí a ń ro. Ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń ro ó. Ó lè jẹ́ ọkọ̀, ti orí ilẹ̀ tàbí ti orí omi. Bí obìnrin ni ó sì kọ ọ́, ó lè jẹ́ ọkọ tí ó ti ń wá láti àná. Àwọn ọ̀dọ́ wá rí i pé bí wọ́n bá fi àwòrán ọkọ̀ kékeré kan sí i, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ọ̀nà àbáyọ ni, a kò lè bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìbá ṣàǹfààní jù bí wọ́n bá kọ́ bí a ti ń fi àmì sí ọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀ràn ti le ni ọ̀wọ̀. Yorùbá kì í kí àgbà ní ìdúró. Nínú ọ̀rọ̀, “ẹ” ni a fi ń bu ọlá fún un. Nínú ìṣe, ọmọkùnrin a dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin a kúnlẹ̀. Àwòrán kan wà nínú ímójì ti Jàpáàní, ti ẹni tí ó forí balẹ̀ láti tọrọ àforíjì tàbí láti dúpẹ́. Àwọn ọmọ Yorùbá kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di ìdọ̀bálẹ̀: bí wọ́n bá ní kí wọ́n kí àgbà ní òwúrọ̀, wọn a fi méjì mẹ́ta sí i. Àwòrán ẹni tí ó kúnlẹ̀ kò sí nígbà náà. Ọdún 2019 ni ó dé. Ó jọ ni lójú pé ayé gbàgbé àwọn ọmọbìnrin Yorùbá fún ogún ọdún. Síbẹ̀, àgbàlagbà kan lè wo àwòrán ìdọ̀bálẹ̀ náà kí ó máa rò pé ọmọ náà ń ṣe eré ìdárayá ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí àwòrán kankan tí ó lè ṣe iṣẹ́ ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu, tàbí ẹ kú àṣẹ́yìndè. Fún àwọn wọ̀nyí, ẹnu ni ó yẹ.

Ọwọ́ náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọwọ́ tí a na, tí ìka márààrún là sílẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ sì kọjú síni, kò ju ìkíni lọ lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Èkó, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé wákà ni, èébú sí ìyá ẹni sì ni. Ẹni tí ó bá fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀, kí ó yára tẹ̀lé e pẹ̀lú àlàyé.

Àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń ṣe nǹkan sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2018, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Côte d'Ivoire, O'Plérou Grebet, ń ya àwòrán kan lójoojúmọ́, ti oúnjẹ, aṣọ àti ìṣe ilẹ̀ Áfíríkà, títí ọdún fi yí po. Ní 2015 ni wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ láti yí àwọ̀ ara ènìyàn inú àwòrán padà sí dúdú. Ní 2020 ni ìlù gígùn kan wọlé. Ṣùgbọ́n gángan kọ́ ni, nítorí náà kò lè sọ̀rọ̀.

Ọ̀kan nínú gbogbo àwọn àwòrán yìí yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Òun ni ojú tí ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford fi í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún 2015, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀. Lójú ọ̀dọ́, ẹ̀rín àrínkèrindò ni. Lójú àgbà, omijé ni. Ẹ jẹ́ kí a wo irú ọ̀ràn tí ó lè ti ibẹ̀ jáde nínú agbo ilé kan.

Ká ní ọkùnrin kan kú ní Ẹ̀pẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Mùsùlùmí ni, nítorí náà ọjọ́ náà ni a ó sin ín. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé Ìkòròdú. Àbúrò rẹ̀ pe àkọ́bí lórí fóònù, kò wọlé. Ó pe èkejì, kò wọlé. Nígbà tí kò mọ ohun tí ó tún lè ṣe, ó kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp mọ̀lẹ́bí pé ẹ̀gbọ́n òun ti lọ, pé ìrun àlàásárì ni a ó sin ín, kí àwọn ọmọ máa bọ̀ kíákíá. Ó wá ojú tí ń sunkún, ó rí ọ̀kan tí omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó ti tó ọdún méjì tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ti ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan tí ó wà ní etí ọ̀sà. Gbogbo ilé ni ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọmọkùnrin kejì ṣí fóònù rẹ̀ ní Ìkòròdú, ẹ̀rín mẹ́ta ni ó rí lórí òkú bàbá rẹ̀. Ó wí pé, “Ilẹ̀ náà ti di tirẹ̀, ó ń fi wá rẹ́rìn-ín.” Ó búra pé òun kò ní fi ẹsẹ̀ òun tẹ ilé náà nígbà tí ọkùnrin náà bá wà níbẹ̀. Ó pe àkọ́bí, òun náà sì gbà á gbọ́, nítorí pé ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ kì í ronú lọ títí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn bóyá àgọ́ ọlọ́pàá ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ tàbí ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò, oòrùn sì ń yẹ̀.

Ọmọbìnrin tí ó jẹ́ àbíkẹ́yìn kò dúró ti ìjiyàn. Ó wọ ọkọ̀ ní Ìkòròdú, ó gba Ìtoìkín, ó sì dé Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó gbé òkú jáde. Ó bá àbúrò bàbá rẹ̀ lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti wú. Ó kúnlẹ̀, ó kí i. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó rọra wí pé, “Bàbá, ẹ dákun, kí ni ẹ kọ sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yín ní òwúrọ̀?”

Bàbá náà nawọ́ fóònù sí i. Ó wí pé, “Omijé ni. Àbí o kò rí omi tí ń dà lójú rẹ̀ ni?”

Ọmọ náà fi ìka méjì fẹ àwòrán náà títí ó fi kún ojú fóònù, ó sì gbé e súnmọ́ ọn. Bàbá wò ó. Omi ojú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu là gbàgàdà, eyín funfun kún inú rẹ̀. Ó ti tó ọdún kan tí ó ti ń fi ojú kan náà kí àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní àdúgbò, kò sì sí ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin náà pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àkọ́bí gbé, ó gbọ́, ó sì sáré wọ ọkọ̀. Ó bá wọn ní ibojì. Èkejì ti pa fóònù tirẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó kàn án, òkùnkùn sì ti ń ṣú nígbà tí ó dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti kó erùpẹ̀ bo bàbá rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ jókòó sí iwájú ilé, fóònù náà wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì gbójú sókè títí ọmọ náà fi dọ̀bálẹ̀.